Ọkọ Ọmọ Wa Ń Dúró ní Ẹnu Ọ̀nà

Ní ayé àwọn baba wa, bí ilẹ̀ bá ti ṣú tán ni wọ́n máa ń sin ìyàwó lọ sí ilé ọkọ. Bí ó bá dé ẹnu ọ̀nà, kì í sáré wọlé. Àwọn obìnrin ilé yóò bu omi tútù sí i lẹ́sẹ̀, wọn yóò wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́, wọn yóò sì wúre fún un kí ó tó tẹ ilẹ̀ ilé náà. Láti òru ọjọ́ náà lọ, ó ti di ìyàwó ilé. Ibi yòówù tí wọ́n ti mú un wá, ìbáà ṣe Ìjẹ̀ṣà, ìbáà ṣe ilẹ̀ Tápà, kò sí ẹni tí yóò pè é ní àlejò mọ́ àfi ẹni tí ó bá ń wá ìjà.

Ìwé òfin ilẹ̀ wa náà ní omi tirẹ̀ tí ó ń bù sí ìyàwó lẹ́sẹ̀. Ìpín 26 nínú Òfin Ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ pé Ààrẹ lè fi orúkọ obìnrin tí ó jẹ́ aya ọmọ Nàìjíríà, tàbí tí ó ti fi ìgbà kan rí jẹ́ aya rẹ̀, sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ ilẹ̀ yìí. Ohun mẹ́ta ni òfin náà bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀: kí ìwà rẹ̀ dára, kí ó hàn gbangba pé ó fẹ́ fi Nàìjíríà ṣe ibùgbé, kí ó sì búra pé òun yóò jẹ́ olóòótọ́ sí ilẹ̀ náà. Òfin kò ka iye ọdún tí ó gbọ́dọ̀ lò kí ó tó kọ̀wé. Bí ó bá jẹ́ pé orílẹ̀-èdè tí wọ́n bí i sí ni ó ti wá, òfin kò sọ pé kí ó kọ ilé baba rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó di tiwa. Èyí bá àṣà mu, nítorí pé ìyàwó Yorùbá kì í sọ oríkì ilé baba rẹ̀ nù nítorí pé ó lọ sí ilé ọkọ. Bí wọ́n bá fẹ́ yìn ín, oríkì ilé baba rẹ̀ ni wọn yóò fi yìn ín.

A kò rí ohun tí a lè fi bá òfin yìí wí ní ibi tí ó dé yìí. Ibi tí ó dákẹ́ sí ni ẹjọ́ wà. Kò sọ gbólóhùn kan ṣoṣo nípa ọkùnrin àjèjì tí ó fẹ́ ọmọ wa obìnrin.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé àwọn ọmọ ilé-ìwé tí ó ń ka ojú ìwé yìí dáadáa, ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ọmọ ìyá méjì láti ìlú Kétu. Àwọn àgbà mọ̀ pé Kétu jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìlú aládé tí ó ti Ilé-Ifẹ̀ ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1889, àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Faransé jókòó, wọ́n fa ìlà sórí ilẹ̀ tí kì í ṣe tiwọn. Kétu bọ́ sí apá Faransé, Ìmẹ̀kọ tí ó jẹ́ ará ilé rẹ̀ bọ́ sí apá Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà ni Kétu fi wà ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ lónìí, èyí tí wọ́n ń pè ní Dàhómì títí di ọdún 1975. Kí a wá sọ pé èyí obìnrin nínú àwọn ọmọ méjèèjì wá sí Muṣin, ó sì lọ́kọ níbẹ̀. Kí a sọ pé àbúrò rẹ̀ ọkùnrin náà wá, ó ń ṣiṣẹ́ ní Yaba, ó sì fẹ́ ọmọbìnrin kan tí wọ́n bí ní Ojúẹlẹ́gba. Ọmú kan náà ni àwọn méjèèjì mu. Yorùbá kan náà ni wọ́n ń sọ, bóyá tiwọn tilẹ̀ jinlẹ̀ ju ti ọ̀pọ̀ nínú àwa ará Èkó lọ. Ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó kan náà ni wọ́n fún àwọn méjèèjì ní kóòtù.

Èyí obìnrin lè kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ sí ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ó ń rí sí ọ̀ràn abẹ́lé, kí ó sì máa retí èsì. Èyí ọkùnrin kò lè forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ Nàìjíríà ní orúkọ aya rẹ̀. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ṣe ní ọdún 1979 fún un ní 90 ọjọ́ láti wọlé láìgba físà. Lẹ́yìn èyí, kí ó lọ gba ìwé àṣẹ ìgbélùú, kí ó sì máa sọ ọ́ di ọ̀tun bí ó bá ti ń tán. Bí ó bá fẹ́ di ọmọ Nàìjíríà, ìpín 27 ni yóò gbà wọlé, ọ̀nà kan náà tí oníṣòwò tí kò ní ìyàwó tàbí àna níhìn-ín yóò gbà. Ọdún 15 ni òfin sọ pé kí ó fi gbé ilẹ̀ yìí. Ọmọ tí ó bí ní ọdún tí ó kọ́kọ́ dé yóò ti máa múra ìdánwò ìwé mẹ́wàá kí baba rẹ̀ tó lè mú kálàmù.

Bí ọdún 15 bá sì pé, iṣẹ́ kù. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí ó lè ṣe ilẹ̀ yìí ní àǹfààní. Gómìnà ìpínlẹ̀ tí ó ń gbé gbọ́dọ̀ gbà pé àwọn ará àdúgbò tẹ́wọ́ gbà á, àti pé ìgbé ayé àwọn ènìyàn ibẹ̀ ti mọ́ ọn lára. Nígbà tí a kọ́kọ́ ka gbólóhùn yìí, ẹ̀rín ni ó pa wá. Kí ni àwọn aṣòfin rò pé ìdána wà fún?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ bá wa rántí. Kí a tó fi ọmọ fún ọkùnrin, alárinà yóò ti rìn títí bàtà rẹ̀ yóò fi jẹ. A ó wádìí bóyá àrùn burúkú wà ní ìdílé wọn, bóyá wọ́n ń jalè, bóyá ọkùnrin náà jẹ gbèsè, bóyá ó ń na obìnrin. Bí ó bá jẹ́ ará ọ̀nà jíjìn, ìwádìí náà a túbọ̀ le sí i; a ó rán ènìyàn lọ sí ìlú wọn. Ní ọjọ́ ìdána, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ yóò da àyà délẹ̀ gbalaja níwájú ẹbí baba ìyàwó, wọn yóò tún dojú kọ ẹbí ìyá, wọn yóò tún dọ̀bálẹ̀. A ó gbé iṣu, oyin, iyọ̀, obì, orógbó àti ataare kalẹ̀, a ó sì fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣàdúrà. Bàbá ìyàwó yóò sọ ní etí gbogbo ènìyàn pé òun kò ta ọmọ, pé òun fi ọmọ fún un ni, àti pé láti òní lọ òun ní ọmọkùnrin kan sí i. Àwọn wo ni ará àdúgbò bí kì í bá ṣe àwọn tí ó pé jọ sí abẹ́ àgọ́ yẹn ní Sùúrùlérè, tí wọ́n jẹ ìrẹsì, tí wọ́n sì na owó mọ́ onílù? Àgọ́ náà dí ọ̀nà láti àárọ̀ títí di alẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì sọ pé òun kò mọ ìdí rẹ̀.

Ìtẹ́wọ́gbà náà kò sì parí sí ọjọ́ ìdána. Ní ayé àtijọ́, àna a máa kó ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ṣe èbèsè ní oko bàbá ìyàwó. Lónìí, kò sí oko ní Muṣin, ṣùgbọ́n bí òrùlé ilé bàbá ìyàwó bá ń jò, àna ni wọ́n ń pè. Bí bàbá náà bá kú, àna yóò wá pẹ̀lú ẹbí rẹ̀ àti onílù rẹ̀. Ẹni tí ó ti sin òkú pẹ̀lú wa kò tún yẹ ní ẹni tí a ó máa bi léèrè bóyá àṣà wa ti mọ́ ọn lára.

Ó tún ku ohun kan tí àwọn ènìyàn kì í sábà ṣàkíyèsí. Ẹni tí ó gba ọ̀nà ìpín 27 wọlé kò ní ìdánilójú tó èyí tí ìyàwó àjèjì ní. Ìpín 30 sọ pé bí ẹni náà bá gba ìdájọ́ ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàrin ọdún méje tí ó ti di ọmọ ilẹ̀ yìí, Ààrẹ lè gba ẹ̀tọ́ náà padà lọ́wọ́ rẹ̀. Gbólóhùn yẹn yọ ẹni tí a bí ní ọmọ Nàìjíríà sílẹ̀, ó sì yọ ẹni tí ó wọlé nípa ìforúkọsílẹ̀ náà sílẹ̀. Ọkùnrin yìí fi ọdún 15 dúró, síbẹ̀ àga tí wọ́n gbé fún un kò dúró dáadáa.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ikú ni ó dùn wá jù. Òfin sọ pé obìnrin tí ó jẹ́ aya ọmọ Nàìjíríà tàbí tí ó ti fi ìgbà kan rí jẹ́ ẹ. Èyí já sí pé bí ọkọ bá kú, opó náà ṣì lè kọ̀wé ní orúkọ òkú. A yin àwọn tí ó fi gbólóhùn yẹn sí i, nítorí pé àwa Yorùbá kì í lé opó jáde. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ìyàwó tí ó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà ni ó kú, ọkọ àjèjì náà kò ní ohunkóhun tí yóò dì mú. Àwọn ọmọ rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà láti inú ìyá wọn wá, ìpín 25 sì fi ọwọ́ sọ̀yà lórí èyí. Ilé-ìwé wọn wà níhìn-ín, ìyá àgbà wọn wà níhìn-ín, ibojì ìyá wọn wà níhìn-ín. Baba tí ó ń tọ́ wọn nìkan ni ìwé rẹ̀ ní ọjọ́ tí yóò tán.

A mọ èsì tí àwọn kan yóò fọ̀. Wọn yóò ní àṣà wa ni obìnrin ń lọ sí ilé ọkọ, ọkùnrin kì í lọ sí ilé ìyàwó. Òótọ́ ni pé Yorùbá kì í bọ̀wọ̀ fún ọkùnrin tí ó kó ẹrù lọ sí ilé bàbá ìyàwó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń bèèrè ilé bàbá ìyàwó? Ọkùnrin tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ń san owó ilé tirẹ̀ ní Ìtirè tàbí ní Yaba. Ohun tí ó ń fẹ́ ni kí ó lè máa gbé ìlú tí aya àti ọmọ rẹ̀ wà láìsí ẹni tí yóò máa bi í pé ọjọ́ wo ni yóò lọ.

A sì fẹ́ kí ẹ̀yin olùkọ́ wádìí ibi tí òfin náà ti wá gan-an, kí ẹ lè sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín. Kò ti Ọ̀yọ́ wá, kò sì ti Ifẹ̀ wá. Lọ́ńdọ̀nù ni ó ti wá. Ní ọdún 1948, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin kan lórí ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wọn. Wọ́n fi sínú rẹ̀ pé obìnrin àjèjì tí ó bá fẹ́ ọkùnrin wọn lè forúkọ sílẹ̀, wọn kò sì sọ nǹkan nípa ọkùnrin àjèjì. Nígbà tí a gba òmìnira ní ọdún 1960, irú gbólóhùn yẹn wọ inú ìwé òfin wa. Ó tún wà nínú ti ọdún 1979, ó sì wà nínú ti ọdún 1999. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ti pa á tì. Òfin tuntun tí wọ́n ṣe ní ọdún 1981, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1983, fi ọkọ àti aya sí ipò kan náà. Aṣọ tí ẹni tí ó rán an ti bọ́ sọnù ni àwa ṣì wọ̀, tí a sì ń pè ní aṣọ àwọn baba wa.

Bí ó bá jẹ́ àṣà Èkó gan-an ni a fẹ́ tẹ̀lé, ẹ jẹ́ kí a wo Òṣòdì tí kò jìnnà sí Muṣin. Orúkọ oyè ni Òṣòdì. Ẹni tí ó gbajúmọ̀ jù nínú àwọn tí ó jẹ oyè náà ni Òṣòdì Tápà, ọmọ ilẹ̀ Tápà tí wọ́n mú wá sí Èkó ní ọmọdé, tí ó dàgbà sí ààfin, tí ó bá Ọba Kòsọ́kọ́ lọ sí Ẹ̀pẹ́ ní ọdún 1851, tí ó sì padà wá di ìjòyè ńlá tí ìjọba àti ará ìlú ń gbọ́ràn sí lẹ́nu títí ó fi kú ní ọdún 1868. Kò sí ẹni tí ó ní kí ó padà sí ìlú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn Sàró àti àwọn Àgùdà dé láti Sàró àti láti Brazil, tí wọ́n kọ́lé, tí wọ́n fẹ́ ọmọ Èkó, tí àwọn náà sì fi ọmọ fún Èkó. Àwọn ọkùnrin wọn kò dúró ní ẹnu ọ̀nà.

Òfin wa náà sì ti yí padà rí nítorí obìnrin, ọ̀run kò sì wó. Ìwé òfin ọdún 1960 sọ pé ọmọ tí a bí sí òkèèrè yóò jẹ́ ọmọ Nàìjíríà bí baba rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Kò ka ìyá sí. Ti ọdún 1979 tún un ṣe: baba tàbí ìyá, èyí tí ó bá jẹ́ tiwa tó. Àwa kò rí ìdí tí ìyá fi lè fún ọmọ rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè ṣùgbọ́n tí kò lè ṣí ilẹ̀kùn fún baba ọmọ náà.

Ní ọdún 1985, ìjọba wa fọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àwọn obìnrin, nínú èyí tí ó wà pé obìnrin àti ọkùnrin yóò ní ẹ̀tọ́ kan náà lórí ọ̀ràn ọmọ orílẹ̀-èdè. Ìwé yẹn ń bẹ nínú àpótí. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 2022, wọ́n gbé àbá kan wá sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Àbújá pé kí wọ́n fi ọkọ àjèjì kún ìpín 26. Wọ́n dìbò, àbá náà sì ṣubú pẹ̀lú àwọn àbá mìíràn tí ó kan obìnrin. Àwọn obìnrin kó ara wọn jọ sí ẹnu ọ̀nà Ilé náà, wọ́n ń fi ẹ̀hónú hàn. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, àwọn Aṣojú-ṣòfin ní àwọn yóò tún un gbé yẹ̀ wò. Ìpín 26 kò yí padà títí di bí a ti ń kọ èyí.

A kò ní sọ pé ìbẹ̀rù àwọn tí ó dìbò lòdì sí i kò nídìí. Àwọn ọkùnrin kan wà tí wọ́n ń fẹ́ ìwé, tí wọn kò fẹ́ aya. Àwọn ọmọ tiwa ni ó tilẹ̀ mọ̀ ọ́n ṣe jù ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Amẹ́ríkà, kí a má tan ara wa. Ṣùgbọ́n àwọn ará Gánà tí ó wà nítòsí wa ti bá ìbẹ̀rù yìí pàdé, wọn kò sì torí rẹ̀ ti ilẹ̀kùn. Òfin Ìpìlẹ̀ wọn ti ọdún 1992 sọ pé ọkùnrin tàbí obìnrin tí ó bá fẹ́ ọmọ Gánà lè forúkọ sílẹ̀. Ó wá sọ pé ti ọkùnrin yóò rí bẹ́ẹ̀ kìkì bí ó bá fi Gánà ṣe ibùgbé, àti pé bí ó bá dà bí ẹni pé nítorí ìwé ni ó ṣe gbéyàwó, àwọn aláṣẹ lè ní kí ó fi hàn pé inú kan ni òun fi ṣe é. Ní Bòtswánà, agbẹjọ́rò obìnrin kan, Unity Dow, tí ó fẹ́ ará Amẹ́ríkà, pe ìjọba lẹ́jọ́ nítorí pé òfin kò jẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ jẹ́ ọmọ ilẹ̀ ìyá wọn. Ó borí ní ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní ọdún 1992. Lẹ́yìn náà ni ó di adájọ́.

Ẹni tí ó bá rò pé ìwé lásán ni gbogbo èyí, kí ó bi àwọn tí ó ti dàgbà nígbà náà léèrè. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní Gánà fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti jáde. Àwọn Yorùbá tí ó ti pẹ́ níbẹ̀, ará Ògbómọ̀ṣọ́, ará Ọ̀fà, ará Ìnísà, di ẹrù wọn ní òru. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n kó wá sílé kò tíì fojú rí ilẹ̀ Yorùbá rí. Ní oṣù kìíní ọdún 1983 ó kan àwa náà láti lé ènìyàn. Ní àdúgbò wa ní Muṣin nígbà náà, aránṣọ kan wà tí ó ti Lomé wá, tí ó fẹ́ obìnrin Ìlá. Òun ni ó ń rán aṣọ ilé-ìwé fún ọmọ gbogbo òpópó. Ó ní aya, ó ní ọmọ mẹ́ta, àwọn ọmọ náà sì jẹ́ ọmọ Nàìjíríà lójú òfin. Òun kò ní ìwé. Ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ìyàwó, ó bọ́ sínú ọkọ̀ akẹ́rù kan tí ó ń lọ sí Sẹ̀mẹ̀. Ní ọdún yẹn kan náà, bí ó bá jẹ́ òun ni ó jẹ́ ọmọ Ìlá, tí ìyàwó rẹ̀ sì jẹ́ ará Lomé, òfin ì bá ti fún un ní ọ̀nà láti forúkọ aya rẹ̀ sílẹ̀, àwọn méjèèjì ì bá sì jọ jókòó sí Muṣin.

Àtúnṣe tí a ń bèèrè kò gùn. Níbi tí ìpín 26 ti kọ obìnrin, kí ó kọ ẹni. Bí wọ́n bá fẹ́ kí onítọ̀hún ti gbé pẹ̀lú aya tàbí ọkọ rẹ̀ níhìn-ín fún ọdún mélòó kan, kí wọ́n kọ ọ́, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ iye kan náà fún ìyàwó àti ọkọ. Bí Gómìnà bá sì fẹ́ mọ̀ bóyá àdúgbò gba ẹnì kan, kí wọ́n gba ẹ̀rí àwọn ẹbí méjèèjì tí ó ṣe ìdána.

Irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ọmọ Ilé méjèèjì ní Àbújá, lẹ́yìn náà kí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 nínú 36 fọwọ́ sí i. Sùúrùlérè ní àga méjì nínú Ilé Aṣojú-ṣòfin, Muṣin ní méjì, ẹkùn ìdìbò Lagos Mainland tí Yaba wà nínú rẹ̀ ní ọ̀kan. Nígbà tí àwọn márùn-ún wọ̀nyí bá tún wá sí òde ìdána ọmọ wa, tí wọ́n jókòó sí iwájú, kí àwọn àgbà tí ó bá jókòó tì wọ́n rọra bi wọ́n léèrè bí wọn yóò ṣe dìbò nígbà tí àbá náà bá tún dé.